Ìfẹ́ sí Ẹni tí Ẹ̀sìn Rẹ̀ Yàtọ̀

Ní ọdún 1821, àwọn Ìmàle Ọ̀yọ́ àti àwọn Fúlàní kógun ti ìlú Òṣoògùn, wọ́n sì kó Àjàyí, ọmọdékùnrin, lẹ́rú. Òun náà ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní 1864. Nígbà tí ó dé iwájú ọba Ìlọrin, tí í ṣe Ìmàle, ní 1872, kò bú ẹ̀sìn wọn. Bí wọ́n ti ń bi í léèrè, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ka Bíbélì Yorùbá fún wọn.

Ẹ̀yin Kristẹni, èébú kì í yí ọkàn padà. Bí ìjì bá ṣí òrùlé Ìmàle, ẹ bá a bò ó. Bí àìsàn bá dá abọ̀rìṣà dúbúlẹ̀, ẹ bá a ro oko rẹ̀.