Ilẹ̀ Dúdú Ọ̀họ̀rí: Ọ̀nà, Ilé àti Iná ní Adja-Ouèrè

Ẹni tó bá gbéra láti Sakété, tó dojú kọ àríwá, yóò rí i pé àwọ̀ ilẹ̀ ń yí padà bí ọ̀nà ṣe ń gùn sí i. Ilẹ̀ pupa tí ọ̀pẹ fẹ́ràn ni a kọ́kọ́ ń bá pàdé. Nígbà tí a bá fi máa súnmọ́ agbègbè Massè, ilẹ̀ dúdú ti gba ojú gbogbo. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é ní vertisol lédè Faransé. Àwa tí a ń tẹ̀ ẹ́ mọ ìwà rẹ̀ kí a tó gbọ́ orúkọ yẹn. Lásìkò òjò, á mu omi, á wú, á sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, á gbẹ, á súnkì, á sì sán débi pé ẹsẹ̀ ọmọdé lè há sínú pàlàpálá rẹ̀.

Ilẹ̀ yìí ti bá ìjọba wọ̀jà rí. Ní ọdún 1914, nígbà tí àwọn Faransé ń gba owó orí, tí wọ́n sì ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sójú ogun, àwọn ará Ọ̀họ̀rí dìde sí wọn. Òtútùbíòjò ni wọ́n ń pe aṣáájú wọn, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ dání. Àbàtà àti ẹrẹ̀ ni odi wọn. Ọmọ ogun tó bá wọ ibẹ̀ lásìkò òjò kò ní rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀nà tí kò sí jẹ́ ààbò nígbà náà. Òpìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Marcus Filippello, kọ odidi ìwé kan ní ọdún 2017, The Nature of the Path, lórí ọ̀nà tó wá la ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí kọjá lẹ́yìn náà, láàárín Pobè àti Kétu. Kí ọ̀nà kan tó ó kọ ìwé lé lórí, ẹ mọ̀ pé ojú ti rí nǹkan.

Lónìí, títì ọlọ́dà kọ́ ni ìṣòro. Ọ̀nà oko ni. Láti inú ahéré dé ẹ̀bá títì, ó lè má ju kìlómítà mélòó kan lọ, àmọ́ bí òjò bá ti rọ̀ lọ́jọ́ méjì, àwọn ọlọ́kadà zémijàn á sọ pé àwọn kò lọ, tàbí kí wọ́n sọ iye tí ẹlẹ́rù kò ní. Tòmátì á jẹrà sínú apẹ̀rẹ̀. Aboyún tí ọmọ ń mú, ejìká ènìyàn ló máa gbé e kọjá ibi tó rọ̀ jù. Obìnrin tó dúró de ilẹ̀ kó gbẹ lè má délé pẹ̀lú ọmọ.

Òfin ìpínpin àṣẹ ti ọdún 1999 fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sábẹ́ àbójútó kọmúùnù. Ìbò kọmúùnù àkọ́kọ́ wáyé ní ọdún 2002, wọ́n sì dá àpò owó FADeC sílẹ̀ ní ọdún 2008 kí ìjọba lè máa fi owó ránṣẹ́ sí àwọn kọmúùnù. Èyí dára. Ṣùgbọ́n kìlómítà kan lórí ilẹ̀ pupa kò tó kìlómítà kan lórí ilẹ̀ dúdú. Lórí tiwa, a gbọ́dọ̀ kó ilẹ̀ pupa olókùúta wá láti ibòmíràn láti fi bo ojú ọ̀nà, kí a sì gbẹ́ gọ́tà tó jinlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá wọn àwọn ọ̀nà wa pẹ̀lú òṣùwọ̀n kan náà tí wọ́n fi ń wọn ti etí òkun, òjò àkọ́rọ̀ ni yóò gba iṣẹ́ náà padà.

Ọ̀rọ̀ ilé kò yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ ṣìmẹ́ǹtì NOCIBE wà ní Massè níbí. Ti Onigbolo náà kò jìnnà, ní kọmúùnù Pobè. Síbẹ̀, ògiri ń là ní tòsí ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta ṣìmẹ́ǹtì. Kì í ṣe pé ṣìmẹ́ǹtì kò dára. Ilẹ̀ ló ń mí lábẹ́ ìpìlẹ̀ tí kò jìn, á gbé ògiri sókè lásìkò òjò, á sì sọ ọ́ kalẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìpìlẹ̀ tó kọjá ibi tí ilẹ̀ ti ń wú, gọ́tà yí ilé ká, àti òrùlé tó nà jáde kí ẹ̀ṣọ̀n òjò má baà dà sí ẹsẹ̀ ògiri: nǹkan wọ̀nyí ni yóò dín in kù. Ìjọba kéde ètò ilé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní Ouèdo, ní Abomey-Calavi. Èmi kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ yàrá méjì sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Oko-Akarè kò nílò ilé Ouèdo. Bíríkìlà tó mọ ilẹ̀ dúdú ló nílò, àti ìwé ilẹ̀ tó bá òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013 mu, kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò má baà wó o lulẹ̀ lọ́la.

Ti iná ni mo fẹ́ fi pẹ́ díẹ̀. Wáyà iná SBEE sábà máa ń tẹ̀lé títì. Lẹ́yìn títì, kpayo ló ń gbé ayé: ó wà nínú zémijàn, nínú ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo, nínú ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n fi ń ṣe ìnáwó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu sọ ní Àbújá pé owó ìrànwọ́ orí epo ti parí. Kò sí mínísítà Bẹ̀nẹ̀ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, síbẹ̀ owó kpayo fò sókè lọ́dọ̀ wa láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oṣù mẹ́rin kò tíì pé lẹ́yìn náà tí iná sọ ní ibùdó epo kan ní Sèmè-Kraké, ó kéré tán ènìyàn 34 ló kú. Kí ìwàláàyè ilé wa má baà rọ̀ mọ́ ìgò epo kan ní ẹ̀bá ọ̀nà, ó yẹ kí ẹ̀rọ ọlọ àti ẹ̀rọ omi abúlé máa gba agbára oòrùn. Oòrùn kò nílò títì ọlọ́dà.

Òjò pẹ̀lú kò dúró síbi tí àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n sí. Àkọ́rọ̀ lè tètè dé, kó wá dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí àgbàdo ti hù. Àrọ̀kúrò lè kúrú. Òfin ìyípadà ojú ọjọ́ ti wà ní Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 2018. Ohun tí a ń béèrè ni pé kó wọ inú ìwé ìṣúná kọmúùnù, ní ìlà tí a lè fi ìka tọ́ka sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ kọmúùnù, ìbéèrè kan wà tí ẹ lè gbé dání: oṣù wo ni owó ọ̀nà máa jáde? Oṣù Kejìlá ni ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í le. Oṣù Kẹta ló tún ń rọ̀. Katakata tó bá dé nínú oṣù Kẹrin, inú ẹrẹ̀ ni yóò sùn.