Igi Kì í Dá Gbé: Àwọn Olú Tí Ń Bá Igi Igbó Ṣe Àjọṣepọ̀

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ déédéé, olú a máa hù lábẹ́ àwọn igi kan nínú igbó lọ́dọọdún. Àwọn ìyá wa tí ń ṣa olú mọ ìdí igi tí wọn yóò lọ. Wọ́n sì mọ̀ pé bí a bá gé irú igi bẹ́ẹ̀ lulẹ̀, olú ibẹ̀ náà ti lọ nìyẹn. Kí ni ó so igi àti olú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Inú ilẹ̀ ni ìdáhùn wà. A rí i pé ó yẹ kí a ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìjọ wa ni ó ní ilẹ̀ tí igi ńláńlá wà lórí rẹ̀, tí a sì lè gé wọn láìmọ ohun tí a ń gé.

Irú olú mẹ́ta

Olú tí a ń ṣà sínú agbọ̀n dà bí èso lásán ni. Ara olú gan-an ni àwọn okùn tín-ín-rín tí ó wà nínú ilẹ̀ tàbí nínú igi, tí wọ́n kéré púpọ̀ ju irun orí lọ. Oúnjẹ tí olú ń jẹ ni a lè fi mọ irú èyí tí ó jẹ́. Àwọn kan ń jẹ òkú igi. Àwọn ni wọ́n ń sọ ìtì igi di erùpẹ̀. Olú ọ̀gán ní tirẹ̀ ń gbé inú ilé ikán, ikán ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Irú kẹta ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, èyíinì ni àwọn olú tí ń gbé lára gbòǹgbò igi tí ó wà láàyè, tí àwọn àti igi náà sì jọ ń jàǹfààní.

Pàṣípààrọ̀ abẹ́ ilẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ igi àti olú rí. Gbòǹgbò igi tóbi jù láti wọ àwọn ihò kéékèèké inú erùpẹ̀. Okùn olú a máa wọ ibẹ̀, a sì máa fa omi, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn wá fún igi. Olú kò ní ewé, nítorí náà kò lè fi ìtànṣán oòrùn pèsè oúnjẹ. Igi ni ó ń fún un ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ ṣe, èyí sì lè tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tí igi náà pèsè.

Ní ọdún 1885 ni Albert Bernhard Frank, onímọ̀ nípa ewéko ní Jámánì, fún àjọṣepọ̀ yìí ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí láàárín àwọn onímọ̀. Ó fa orúkọ náà yọ láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni olú pẹ̀lú gbòǹgbò. Ọ̀pọ̀ ni kò gbà á gbọ́ nígbà náà, nítorí wọ́n rò pé àìsàn ni olú jẹ́ lára gbòǹgbò. Lónìí, a mọ̀ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo ewéko orí ilẹ̀ ni ó ní irú alábàágbé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì pàtàkì

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti àwọn tí okùn wọn ń wọ inú gbòǹgbò lọ. Irú èyí ni ó wà lára ìrókò, àgbàdo, iṣu àti ẹ̀gẹ́. Wọn kì í yọ olú tí ojú lè rí sókè ilẹ̀, irú wọn tí àwọn onímọ̀ sì ti sọ lórúkọ kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Síbẹ̀, àjọṣe náà ti pẹ́ gan-an. A rí àmì rẹ̀ nínú òkúta ní Rhynie ní ilẹ̀ Scotland, tí àwọn onímọ̀ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ sí ohun tí ó lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tí ń bo orí gbòǹgbò bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń bo ẹsẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń yọ olú tí à ń rí lábẹ́ igi. Nǹkan bí ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún irú ewéko ni ó ń bá wọn gbé, àmọ́ páìnì, óákù àti apá wà lára wọn. Irú olú bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ gidigidi, nítorí àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé wọ́n tó 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ìwúlò púpọ̀ tí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra ni. Àwọn kan mọ bí a ṣe ń fa náítírójìn jáde láti inú ewé tí ó ti jẹrà. Àwọn kan lè fara da ọ̀dá. Àwọn kan ń bá igi kékeré gbé, tí àwọn mìíràn sì ń gba ipò wọn bí igi náà ti ń dàgbà. Igi kan ṣoṣo lè ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú wọn lára gbòǹgbò rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kùnà ní ọdún tí òjò kò rọ̀, òmíràn yóò dúró tì í.

Apá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin

Ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, igbó kan wà tí a ń pè ní Wari-Maro. Apá wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn igi tí onímọ̀ ń pè ní Isoberlinia àti Uapaca. Ní àsìkò òjò, oríṣiríṣi olú a máa hù lábẹ́ wọn: àwọn kan pupa, àwọn kan ní àwọ̀ ìyeyè, àwọn mìíràn sì ń sun oje funfun bí a bá ya wọ́n. Ní ọdún 2002, André De Kesel, Jean Codjia àti Nourou Yorou gbé ìwé atọ́nà jáde lórí àwọn olú jíjẹ ilẹ̀ Benin, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ alábàágbé igi. Yorou, tí ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Parakou, àti Reinhard Agerer ti Jámánì tún ṣàpèjúwe àwọn olú tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ lórúkọ rí. Wọ́n rí bí èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ igi tí ó wó lulẹ̀, ẹni tí ń kọjá kò sì ní mọ̀ pé olú ni.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Apá jẹ́ igi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fẹ́ràn, àwọn darandaran sì ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù. Gígé rẹ̀ pọ̀ débi pé ní ọdún 2022, ìpàdé àgbáyé lórí òwò ohun abẹ̀mí tí ó wà nínú ewu, tí wọ́n ṣe ní Panama, fi òwò apá ilẹ̀ Áfíríkà sábẹ́ ìṣàkóso. Bí a bá gé apá kan, oúnjẹ àwọn olú rẹ̀ dópin. Bí a bá gé gbogbo apá àdúgbò kan, olú náà yóò kú, irúgbìn tí a bá gbìn lẹ́yìn náà kò sì ní tètè rí ẹni tí yóò gbà á lálejò.

Ọ̀rọ̀ páìnì jẹ́rìí sí èyí. Nígbà tí wọ́n gbin páìnì sí erékùṣù Puerto Rico, àwọn igi náà kò dàgbà, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n sì ń kú. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n bu erùpẹ̀ abẹ́ páìnì wá láti North Carolina ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi sí ìdí wọn, àwọn igi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Irúgbìn nìkan kò tó. Olú tirẹ̀ ni wọn kò mú wá tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fún àwọn oníwàásù

A gbọ́ pé àwọn kan ti ń fi igi tí ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ṣe àpèjúwe lórí pẹpẹ. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997, nígbà tí Suzanne Simard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ilẹ̀ Kánádà pé kábọ́nì lè ti ara igi kan dé ara òmíràn. Àmọ́ ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ mẹ́ta yẹ ẹ̀rí náà wò. Melanie Jones, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ ìwádìí 1997, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ní ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ti ju ohun tí a rí nínú igbó lọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ó dájú: igi ń bọ́ olú, olú ń bọ́ igi. Èyí nìkan tó ìyanu.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ jẹ́ kí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ máa ro ó dáadáa kí wọ́n tó gé igi àtijọ́. Bí a bá fẹ́ gbin apá, kí a bu erùpẹ̀ díẹ̀ láti abẹ́ apá tí ó ń ṣe dáadáa mọ́ erùpẹ̀ irúgbìn. Kí a má ṣe máa dáná sun ewé tí ó bọ́ sílẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ṣẹ́kù: kì í ṣe gbogbo ọ̀rẹ́ igi ni ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ènìyàn. Olú kan wà tí ń bá óákù gbé, tí a ń pè ní Amanita phalloides. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó ń pani, sísè kò sì pa oró rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ olú tí ẹ kò mọ̀.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. A ti wá rí i báyìí pé igi kan kì í dá ara rẹ̀ ṣe pàápàá.