Rọ́gbì: Ohun tó yẹ kí òbí béèrè kó tó fi ọmọ sílẹ̀

Ẹni tó bá sọ fún ìyá àgbà kan ní Ọjà'ba pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rọ́gbì, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Èyí tí wọ́n ti ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ yẹn?" Màmá kò jayò pa. Bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, alátakò sì lè fa ẹni tó gbé e lulẹ̀.

Síbẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n bí Adedayo Adebayo sí, ọ̀kan lára àwọn tó gba ife àgbáyé rọ́gbì ẹlẹ́ni méje fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1993.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje kì í fa ara wọn lulẹ̀. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìbàdí ara wọn ni wọ́n ń já. Kí òbí kọ́kọ́ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Èkejì ló wúwo jù: ọmọ tó fi orí gbá nǹkan, tí òòyì wá ń kọ́ ọ, ta ni yóò yọ ọ́ kúrò lórí pápá? Òfin àjọ rọ́gbì àgbáyé ni pé kò gbọdọ̀ padà wọlé lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá ní kó ṣe bí ọkùnrin, kí bàbá ọmọ fà á lọ́wọ́, kí wọ́n máa lọ sílé.