Ta Ló Ń Fi Yín Hàn Lẹ́yìn Ògiri? Bí Wallhack Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Láti Ìṣẹ́yìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.

Bí ẹ bá ń gbá Call of Duty: Mobile tàbí PUBG Mobile, ẹ ti pàdé ẹni tí mò ń sọ yìí. Ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, ẹ ò rìn, ẹ ò yìnbọn, àmọ́ bó ṣe yọ báyìí, ìbọn rẹ̀ ti dojú kọ orí yín. Nígbà míì, ó mọ̀ ọ́n gbá lóòótọ́ ni. Nígbà míì, ojóró ni. Wallhack tàbí ESP ni wọ́n ń pe irú ojóró bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ká tú u palẹ̀ lónìí, nítorí owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í sì í ṣe owó géèmù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: wallhack kì í ríran kọjá ògiri. Fóònù ti mọ ibi tí ọ̀tá wà tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá tó ń darí eré, tí wọ́n ń pè ní server, ló ń sọ fún un pé lágbájá wà níbí, ibí ló kọjú sí. Fóònù á wá ya àwòrán. Bí ògiri bá wà láàrin, á ya ògiri, kò ní ya ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀, ó kàn dákẹ́ ni.

Kí ló dé tí server ń sọ ohun tí ojú wa ò tíì rí? Ọ̀nà ló jìn. Ká ní Yúróòpù ni server wà. Ọ̀rọ̀ tó kúrò lórí fóònù ní Ṣakí á dé Èkó, á wá wọ okùn abẹ́ òkun. Ọ̀kan nínú wọn, MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti Portugal dé Èkó. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà nínú irú okùn bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣírò àlọ àti àbọ̀: ping yín kò lè dín ní 70 ms, ká tó ka ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òkè-Ògùn mọ́ ọn. Bí server bá dúró dìgbà tí ọ̀tá bá yọ, ẹ ti kú kí ẹ tó rí i. Ìdí nìyẹn tó fi ń tètè sọ.

Ibẹ̀ ni ojóró ti wọlé. Áàpù náà ń yọjú wo mẹ́mọ́rì géèmù, ó ń mú nọ́ńbà mẹ́ta tó ń tọ́ka ibi tí ọ̀tá wà: òró, ìbú àti gíga. Á wo ibi tí ẹ dúró sí àti ibi tí ẹ kọjú sí, á ṣírò ibi tí ọ̀tá yẹ kó bọ́ sí lójú fóònù, á wá ya àpótí pupa síbẹ̀. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara sórí fọ́tò, tí ẹ fi báírò kọ nǹkan sórí ọ̀rá náà. Fọ́tò ò yí padà, àmọ́ ojú ń rí méjèèjì pọ̀.

Ní 2020, Riot Games gbé Valorant jáde, wọ́n sì ṣe é kí server má sọ ibi tí ọ̀tá wà títí á fi kù díẹ̀ kó yọ. Ohun tí kò sí nílé, olè ò lè jí i.

Ẹ̀yin tó ń wá ti ọ̀fẹ́ lórí Telegram, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Android náà mọ ògiri sáàárín áàpù kan àti òmíràn. Kí áàpù ojóró tó lè wo inú géèmù, wọ́n á ní kí ẹ root fóònù, tàbí kí ẹ gba géèmù tí wọ́n ti tún ṣe. Kí ọ̀rá yẹn tó lè wà lórí géèmù, wọ́n á tún bèèrè Display over other apps. Áàpù tó lè ya àpótí sórí géèmù lè ya ojú báńkì ayédèrú sórí áàpù báńkì yín. Ẹ ó rò pé báńkì ló ń bèèrè PIN, orí ọ̀rá olè lẹ sì ń tẹ̀ ẹ́ sí. Irú olè bẹ́ẹ̀ ni Cerberus tó jáde ní 2019. Ní 2018 náà, nígbà tí ọlọ́pàá Ṣáínà mú èèyàn 15 lórí ojóró PUBG, wọ́n rí i pé àwọn kan nínú áàpù wọn ń jí ìsọfúnni àwọn tó ń lò ó.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, fóònù tí ìyá fi ń gba owó aṣọ òfì lọ́sàn-án lọmọ fi ń gbá géèmù lálẹ́. Ẹ ṣí Settings, ẹ wá Display over other apps àti Accessibility, kí ẹ pa gbogbo áàpù tí ẹ ò mọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ti fi irú rẹ̀ sórí fóònù rí, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi fóònù mìíràn yí PIN padà.

Ẹni tí ìṣirò yẹn bá wù, Godot wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó wà fún Android náà. Ẹ fi kọ́ géèmù tiyín, kí ẹ ya àpótí sórí ọ̀tá tí ẹ dá sílẹ̀ fúnra yín.

Ó dìgbà o.