Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan ní Camberwell: ta ló ni ín?

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ẹ má wo ojú mi. Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì St Giles ní Camberwell kọjá, ni mo bá rántí àbúrò mi kan.

Àgbègbè yẹn ló ń gbé. Nígbà tó fẹ́ gbéyàwó, ó ní òun ò lè lọ béèrè níbẹ̀ torí òun kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn. Mo ní, "Dúró ná. Ṣé o mọ ohun tó ń jẹ́ párìṣì?"

Lọ́dọ̀ wa, tí a bá ti ní párìṣì, ìjọ là ń sọ: àwọn tó jọ ń sìn, tó jọ ń san ìdámẹ́wàá. Tàwọn Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni párìṣì tiwọn. Wọ́n pààlà sí gbogbo ilẹ̀ wọn bí ẹni pín oko, wọ́n fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé inú ààlà náà, yálà ó ń gbàdúrà o, kò gbàdúrà o, ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni.

Ẹ wo St Giles. Ìwé Domesday, tí Ọba William fi ka ilẹ̀ àti dúkìá ní 1086, ti mẹ́nu ba ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Camberwell. Abúlé ni Camberwell nígbà náà, lábẹ́ Surrey. Peckham tiwa yìí, abà kékeré ni lábẹ́ párìṣì rẹ̀. Oko ló yí i ká.

Ní 1538, Thomas Cromwell pàṣẹ pé kí párìṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá rì bọmi, ẹni tó bá gbéyàwó àti ẹni tí wọ́n bá sin. Ní 1601, òfin ní kí párìṣì máa dá owó bọ́ àwọn aláìní rẹ̀. Ó dáa, àbí? Ṣùgbọ́n ní 1662, òfin mìíràn dé: àlejò tó bá jọ pé yóò di ẹrù, kí wọ́n dá a padà sí párìṣì tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń lé Gẹ̀ẹ́sì padà síbi tó ti wá! Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ò jọ èyí tí ẹ ti gbọ́ rí?

Ní oṣù kejì 1841, iná jó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà. George Gilbert Scott àti Moffatt ló ya àwòrán tuntun tí ẹ ń rí lónìí, wọ́n sì ṣí i ní 1844. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ní 1843, ni wọ́n fi Àjàyí Crowther jẹ àlùfáà ní London níbí. A ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Lónìí, wọ́n ti pín párìṣì ńlá yẹn sí kéékèèké, òfin lílé àlejò sì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó kù ni ẹ̀tọ́: ẹni tó bá ń gbé nínú párìṣì Ìjọ Áńgílíkà lè ṣe ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ, bí òfin ò bá ti dí i lọ́wọ́.

Àbúrò mi lọ béèrè ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e.

Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá tún bi yín pé níbo lẹ ti wá gan-an, ẹ sọ ìlú bàbá yín fún un, kí ẹ sì sọ párìṣì yín mọ́ ọn. Méjèèjì lẹ ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn. Ó dìgbà o.