Jẹjẹrẹ Ìfun Ńlá: Ohun Tí Ọ̀dọ́ Ń Pè Ní Jẹ̀díjẹ̀dí, Tí Àgbà Ń Pè Ní Ọjọ́ Ogbó

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí àga ìwàásù, nítorí ó kan ìyàgbẹ́ àti ojú ihò ìdí. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì kò ka àìlera inú Tímótíù sí ohun ìtìjú nígbà tí ó ń kọ̀wé sí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́ sì ni Tímótíù nígbà náà.

Lára ògiri ìfun ńlá, ní ìhà inú, àwọn èèhù kéékèèké kan lè yọ bí olú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ènìyàn ní ibi. Díẹ̀ nínú wọn a máa dàgbà díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gba nǹkan bí ọdún 10 kí irú rẹ̀ tó di jẹjẹrẹ. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn fi ka àrùn yìí sí ti àgbàlagbà fún ìgbà pípẹ́, òótọ́ sì ni pé àwọn tí ó ti lé ní ọdún 50 ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń ṣe títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin méjì tí gbogbo ayé mọ̀. Pelé, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Bràsíl, ni wọ́n bá kókó nínú ìfun rẹ̀ nígbà tí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ara ní 2021. Wọ́n gé e kúrò, ṣùgbọ́n àrùn náà ni ó pa á ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 2022, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 82. Chadwick Boseman, òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kó ipa ọba nínú fíìmù Black Panther, kò tíì ju ẹni 40 ọdún lọ nígbà tí wọ́n rí i lára rẹ̀ ní 2016. Ó ti dé ìpele kẹta nígbà náà, èyíinì ni pé ó ti jáde kúrò lára ìfun dé àwọn kókó kéékèèké tí ó yí i ká. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 2020, ní ẹni ọdún 43.

Ọ̀ràn ti Boseman kì í ṣe ohun àrà ọ̀tọ̀ mọ́. Ní Amẹ́ríkà, nínú ènìyàn 100 tí a rí àrùn yìí lára wọn ní 1995, àwọn 11 ni kò tíì pé ọdún 55. Nígbà tí ó di 2019, wọ́n ti di 20. Láàárín àwọn àgbà, àrùn náà ń dín kù, nítorí pé àyẹ̀wò ń rí èèhù náà kí ó tó burú. Nítorí ìyípadà yìí ni wọ́n fi sún ọjọ́ orí tí àyẹ̀wò ń bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún sẹ́yìn, láti 50 sí 45, ní 2021.

Kí ni ó fà á? Àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí ara sísanra, ìjókòó àjókòópẹ́, ọtí líle, àti ẹran inú agolo. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń ṣàìsàn náà kò sanra rárá. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2025, tí a fi aláìsàn 981 láti orílẹ̀-èdè 11 ṣe, rí àpá májèlé kan tí kòkòrò àìfojúrí inú ìfun máa ń tú jáde. Àpá náà wọ́pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ lára àwọn tí kò tó ọdún 40 ju ti àwọn tí ó ti lé ní 70 lọ. Ó dà bí ẹni pé ìgbà èwe ni kòkòrò náà ti ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀.

Nísinsìnyí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé wa. Lára àwọn ọ̀dọ́, ìsàlẹ̀ ìfun, nítòsí ihò ìdí, ni jẹjẹrẹ náà sábà máa ń wà. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ hàn sí ojú. Kí ni ìyá yóò sọ nígbà tí ọmọ bá ní òun rí ẹ̀jẹ̀? “Jẹ̀díjẹ̀dí ni, ṣúgà rẹ ti pọ̀ jù.” Wọ́n á ra agbo jẹ̀dí, ọmọ á mu ún, ẹ̀jẹ̀ á sì dá. Agbo kọ́ ni ó dá a. Ẹ̀jẹ̀ kókó yìí a máa ṣàn, a máa dá, a sì tún máa ṣàn. Jẹ̀díjẹ̀dí tòótọ́ wà, òun ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ti àgbà yàtọ̀. Lára wọn, ó sábà máa ń wà lókè, níbi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á ti pò mọ́ ìgbẹ́ kí ó tó jáde, ojú kì í sì í rí i. Ohun tí ará ilé máa ń rí ni pé Bàbá ti ń rẹ̀ jù, tí èémí rẹ̀ ń já bí ó bá gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì funfun. Wọ́n á ní ọjọ́ ogbó ni. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ náà sì ní ibi tí ó ń gbà jò.

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ ti ń kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tọ́jú kò tíì pé ọdún 50. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù ní Nàìjíríà, nítorí náà kò lè ṣe kí a má bá ọ̀dọ́ láàárín wọn. Ohun tí ó dunni ni pé wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ̀yin ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ bá. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2023 fi hàn pé àmì mẹ́rin ni ó máa ń yọjú lára àwọn ọ̀dọ́, láti oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì kí a tó mọ àrùn náà: inú rírun, ẹ̀jẹ̀ láti ihò ìdí, ìgbẹ́ gbuuru, àti àìtó ẹ̀jẹ̀. Bí arákùnrin ẹni ọdún 32 bá wá gba àdúrà nítorí inú tí kò jẹ́ kí ó sùn, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì bi í léèrè nípa ìgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ẹ tún un bi. Dókítà lè fi ìka yẹ ihò ìdí rẹ̀ wò láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó sì rán an lọ síbi tí a ó ti fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú ìfun rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpò àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí ilé fún ẹni ọdún 50 sí 74 ní ọdún méjì-méjì, ẹ má ṣe jù ú nù. Nílé, ẹni tí ó bá fẹ́ àyẹ̀wò ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Bí bàbá, ìyá, tàbí ọmọ ìyá rẹ bá ti ṣe àrùn yìí rí, má ṣe dúró de ọdún 45. Ọdún 40 ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, tàbí ọdún 10 ṣáájú ọjọ́ orí tí ẹni náà wà nígbà tí wọ́n rí i lára rẹ̀, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì.