Ọmọ tó ń lọ sí Marseille

Marseille jẹ́ ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Faransé. Ó wà létí Òkun Mẹditaréníà. Àwọn atukọ̀ ará Gíríìkì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Láti ìgbà náà títí di òní, ó ti tó 2600 ọdún. Èbúté àtijọ́ wọn ṣì wà láàárín ìlú. Vieux-Port ni wọ́n ń pè é. Láràárọ̀, àwọn apẹja máa ń pàtẹ ẹja tútù síbẹ̀.

Ìlú náà rí àjàkálẹ̀ àrùn rí. Ní ọdún 1720, ọkọ̀ ojú omi kan dé láti ìhà ìlà-oòrùn òkun náà. Grand-Saint-Antoine ni orúkọ rẹ̀. Àwọn kan ti kú nínú ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà. Òfin ìlú ni pé kí ẹrù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò pa òfin náà mọ́ dáadáa. Aṣọ inú ọkọ̀ wọ ìlú, àrùn sì bá a wọlé. Àwọn tó kú sún mọ́ ìdajì àwọn ará ìlú.

Àrùn yẹn kò sí ní Marseille mọ́. Ṣùgbọ́n àrùn ṣì lè bá èrò rìn. Ọmọ tó kúrò ní Benin tàbí Togo lè gbé ibà lọ láìmọ̀, nítorí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ nílé. Ibà náà lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fara hàn. Bí ara ọmọ náà bá gbóná ní Marseille, kí àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti wá. Bí wọn kò bá sọ ọ́, dókítà lè rò pé òtútù lásán ni.

Oòrùn ibẹ̀ ńkọ́? Ní Kétu, bí aago méje alẹ́ bá ti lù, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ní Marseille, ní oṣù keje, aago mẹ́sàn-án alẹ́ á lù, oòrùn á sì wà lójú ọ̀run síbẹ̀!

Afẹ́fẹ́ kan tún wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ mistral. Ẹni tó mọ ọyẹ́ yóò tètè mọ̀ ọ́n. Láti ìhà àríwá ni àwọn méjèèjì ti ń fẹ́ wá, àwọn méjèèjì sì gbẹ. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń gbé eruku wá. Mistral ní tirẹ̀ ń gbá ìkùukùu lọ, ojú ọ̀run á sì mọ́ kedere. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí ọmọ lára, kò mọ̀ pé oòrùn ń pa òun. Òógùn rẹ̀ ń gbẹ kó tó rí i, kò sì rántí mu omi. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, orí á máa fọ́ ọ, òyì á sì máa kọ́ ọ. Nítorí náà, kí ó dé fìlà. Kí ó mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Bí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, kí ó ṣeré lábẹ́ òjìji. Omi ẹ̀rọ ìlú náà dára láti mu, àfi níbi tí wọ́n bá kọ «EAU NON POTABLE» sí. Ọmọ tó mọ ìwé kà kò ní mu ìyẹn.

Òkun ibẹ̀ kì í sábà ru bíi ti Kútọnu. Síbẹ̀, kí ọmọ wo àsíá etíkun kó tó wọ omi. Bí àsíá bá pupa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wẹ̀. Kí ó wọ bàtà lórí àpáta inú omi pẹ̀lú. Ẹran omi dúdú kan wà níbẹ̀ tó rí roboto, tí ẹ̀gún bo gbogbo ara rẹ̀ bíi ti òòrẹ̀. Oursin ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gún rẹ̀ kì í rọrùn láti yọ.

Èrò máa ń pọ̀ ní Vieux-Port. Ọmọ lè sọnù níbẹ̀. Lórí òkè kan, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà tó ní ère Màríà tí wọ́n fi wúrà bò. Láti ibi púpọ̀ ní ìlú ni ojú ti ń rí i. Ọmọ tó sọnù lè fẹ́ máa rìn lọ síbẹ̀. Kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó dúró síbi tó wà, nítorí àwọn òbí rẹ̀ yóò padà wá a níbẹ̀. Kí nọ́mbà telefóònù wọn wà nínú àpò rẹ̀, lórí ìwé. Kí ó fi han ọlọ́pàá, tàbí ìyá kan tó ń ta ẹja.